Ọkàn Ta Ló Wà Nínú Aago Yìí?

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkọ mi tó bá mi sọ ọ́ pẹ̀lú àbùmọ́. Aago tí àwọn ọsibítù so mọ́ mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí n má bọ́ ọ àfi tí mo bá fẹ́ wẹ̀, mo bọ́ ọ. Mo bọ́ ọ tán, mo wá ń yá àwọn ènìyàn lò bíi pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni. Arúgbó bí èmi, tó yẹ kó gbọ́n!

Ẹ má rò pé aago tó kàn ń sọ àkókò ni o. Ó dúdú, ó fẹ̀ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù, iná aláwọ̀ ewé kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú mọ́ ara ẹni bíi pé ó fẹ́ gbọ́ àṣírí. Ó ń ka ìṣísẹ̀. Ó ń ka bí àyà ṣe ń lù. Tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ó mọ̀. Gbogbo ohun tó bá rí, inú fóònù mi ló ń gbà tó fi ń rò ó fún nọ́ọ̀sì kan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọsibítù. Wọ́n fún mi nítorí pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo sì sanra. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Tí mo bá jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà ní ìkángun kejì á yára di nǹkan mú.

Nọ́ọ̀sì yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn.

"Màmá, ẹ ò rìn tó lánàá o."

"Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ?"

"Aago yín ni."

"Aago tí ò lójú, báwo ló ṣe rí mi?"

Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n sáà máa rìn, kí n lọ dé òpin àdúgbò, kí n padà. Èmi tí orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí!

Lọ́jọ́ kan, mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì. Mo bọ́ aago sórí tábìlì kí n lè fọ ọwọ́. Òun náà mú un, ó so ó mọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó yẹ mí jù yín lọ," ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun. Apá àbúrò mi yẹn, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Tó bá gbá ìyẹ̀fun mọ́ pákó, gbogbo abọ́ orí pẹpẹ á máa gbọ̀n. Aago rò pé ẹsẹ̀ ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì pè.

"Màmá, ẹ kúuṣẹ́! Ṣé òkè lẹ gùn ni?"

Mo ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni, ọmọ mi."

Bí mo ṣe di olókìkí nìyẹn. Láràárọ̀, aago á lọ po búrẹ́dì, èmi á jókòó ti àbúrò mi, màá máa bá a jẹ èyí tó bá jóná létí.

Ọ̀sán ló kù. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa sinmi lọ́sàn-án, kí aago lè gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù nígbà tí ara bá balẹ̀. Ọ̀sán kẹ̀? Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe eré mi lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ìyàwó ilé kan ti ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ fa wàhálà. Mi ò lè wò ó kí ara mi balẹ̀. Ṣe ni mo máa ń dìde bú wọn. Nítorí náà, mo so aago mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́. Òun ní tiẹ̀, tó bá ti jẹun ọ̀sán, iwájú ilé ló ń jókòó sí, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa ta lúdò.

Tíṣà là ń pe ọ̀rẹ́ yìí, torí ìṣirò ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí aya rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé nínú yàrá méjì tó dojú kọ ilé wa. Ẹni tó fi ìṣirò jẹun, kò sì mọ lúdò ta! Ojoojúmọ́ ló ń fìdí rẹmi. Láìpẹ́ yìí, á tiẹ̀ sùn lọ níbi tí lúdò ti ń gbóná, àgbọ̀n á kan àyà, àwa á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi rẹ̀ wá.

Bí a ṣe wà nìyẹn, tí inú gbogbo wa ń dùn, kí nọ́ọ̀sì tó pè láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sì sí ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù. Òní ni o, kì í ṣe ọ̀la."

Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tó ń rùn bí ọṣẹ. Ó ní ọkàn mi ń lù ségesège. Á lù dáadáa, á fo ọ̀kan, á sáré, á tún dúró bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ó ní inú irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀. Tí èyí tó dì bá sì ṣí lọ sínú ọpọlọ, ó lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀ lójijì. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, lábẹ́ ọmú, iṣẹ́ kékeré sì kọ́, torí wọ́n ní ẹrù láti kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́nà.

Bébà jáde lára ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó yí i, ó tún un wò.

"Ó dáa," ó ní. "Ó ń lù gún régé."

"Ṣé kì í ṣe ohun ayọ̀ nìyẹn?"

"Ó lè máa wá, kó tún máa lọ, Màmá. Ohun tí aago yín rí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Dókítà ti kọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nọ́ọ̀sì fi páálí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé. Tí ọ̀bẹ bá gé mi, ẹ̀jẹ̀ á pẹ́ kó tó dá. Tí mo bá ṣubú, tí mo forí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú orí láìsí ẹni tó rí i. Èmi tí mo ń wó lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá ti tutù! Mo wo páálí yẹn. Mo wo aago. Mo bi ara mi pé, nínú gbogbo ohun tí aago yìí ti lọ rò fún wọn, èwo gan-an ló jẹ́ tèmi?

Ojú ń tì mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi," mo ní, "jọ̀wọ́, bá mi ti ilẹ̀kùn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Búrẹ́dì, tẹlifíṣọ̀n, lúdò, mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo rò pé á pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó na ọwọ́, ó gba páálí oògùn kúrò lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Màmá?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí tèmi ṣe máa ń rí nìyẹn."

Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. "Ìyẹn ni pé ọkàn yìí ní ẹni tó ni ín. Onítọ̀hún ń rìn kiri, kò sì mọ̀. Ẹ sún àga yín mọ́bí, ká wá a."

Mo sún un. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo gbàgbé ìtìjú mi? Mi ò mọ̀ rí pé ọkàn ènìyàn ní àwòrán. Ó fi ìlà kan hàn mí tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó yára, ṣùgbọ́n ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ojú ìránṣọ ẹ̀rọ.

"Ti àárọ̀ nìyí."

"Àbúrò mi nìyẹn! Wò ó bó ṣe ń bá ìyẹ̀fun jà!"

"Ọkàn tiwọn dáa. Ó wá kan ọ̀sán."

Ìlà ọ̀sán rí jákujàku. Ó fò, ó dúró, ó ṣù pọ̀ sójú kan, ó tún fi àyè gbọọrọ sílẹ̀. Ọwọ́ tó wọ aago náà ò sì mira níbi tó ti burú jù.

"Ẹ ní ta ló ń wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, Màmá?"

Ẹ̀rín mi tán. Ọkọ mi ni.

Mi ò rántí bí mo ṣe délé. Ọkùnrin tí a ti jọ ń jà lórí fèrèsé láti ìgbà èwe wa, èmi ní kó ṣí i, òun ní ká tì í. Ọkùnrin tó ń bá mi gé èékánná ẹsẹ̀ torí pé ikùn ò jẹ́ kí ọwọ́ mi tó o mọ́. Mo bá a níwájú ilé, ó ń nu pátákó lúdò.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dìde. Ọsibítù yá."

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Ẹ̀yin ni. Ọkàn yín."

"Ọkàn tèmi? Ọkàn tó ti fara da ìwọ láti ọjọ́ yìí wá, kí ló tún kù tó lè ṣe é?"

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, màá ti fún un lésì tó máa gbóná létí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, omi ló bọ́ lójú mi. Ó rí i, ó gbé pátákó lúdò sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, bí mo sì ṣe ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ló ń họ orí.

"Ìyá Ìbejì, má bínú o. Aago yẹn... kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Kí lẹ wí?"

"Ó ń yún mi. A wá fi ṣe òfin lúdò. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń wọ̀ ọ́, bíi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, títí a ó fi palẹ̀ mọ́."

"Ta ló wá ń fìdí rẹmi?"

Ó kàn yí ojú sí òdìkejì ọ̀nà, síbi tí ilẹ̀kùn Tíṣà wà. Mo la ẹnu láti bú u. Mo wá rántí ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ aago, mo pa ẹnu náà dé.

A bá Tíṣà tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ìyàwó wa!" ó ní. Ìyàwó ló ń pè mí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irun dúdú kan lórí mi mọ́.

"Tíṣà, ṣé nǹkan kan ń ṣe yín?"

"Rárá o. Ó kàn máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ ni."

"Kí ló ń ṣókùnkùn?"

"Ojú mi. Á ṣókùnkùn, á tún mọ́. Mo rò pé ogbó ni."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó wo yàrá rẹ̀ yíká, àga kan, ife kan. "Ta ni kí n sọ fún?"

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

A bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọsibítù ni aya òun lọ tí kò padà, òun ò sì ní ohunkóhun láti bá wọn ṣe. Ni mo bá kàn sọ ohun tó ti ń yí mi lórí láti àárọ̀.

"Tíṣà, mo rí ọkàn yín lónìí. Ó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà ni. Á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀."

Ó gbé orí sókè. "Ìlà? Bíi gíráàfù?"

"Gíráàfù gan-an."

"Kí ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ṣé àkókò ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ni? Ẹ wá wò ó!"

Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe gbóná.

Nígbà tí a dé ọsibítù, kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sinmi. Wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ó ń béèrè bí iná ṣe lè ka ọkàn láti ọrùn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ní tí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i lábẹ́ awọ, á gbé lára iná náà mì, aago á sì ka ìyókù tó padà wá. "Ìyọkúrò ni!" Tíṣà ní, ojú rẹ̀ ń dán bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn. Èmi pàápàá na ọrùn wò. Bébà jáde. Jákujàku náà ló wà níbẹ̀, kò fi ibì kan yàtọ̀ sí èyí tí mo rí láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà. Dókítà ní Tíṣà ò ní padà sílé lónìí, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì fa ọwọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so aago mọ́ mi, ó fún un pinpin.

"Màmá, mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Oògùn ẹlòmíràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹnu yín."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Mo ní mo gbọ́!"

Ó yíjú sí Tíṣà. "Bàbá, ìgbà tí àwọn ènìyàn yín rò pé ẹ sùn lọ nídìí lúdò, ó jọ pé oorun kọ́. Ọkàn yín ló ń dúró díẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò fi dé orí yín tó. Ẹ máa ń dákú fírí ni."

Tíṣà gbé bébà gíráàfù náà sún mọ́jú, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá ibi tí ọmọ ilé ìwé ti ṣìrò. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi ti rí ìwé kan lára ògiri tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fọ ọwọ́, ó sì ń kà á tọkàntọkàn.

"Ọ̀rẹ́ mi," Tíṣà ní, "tí mo bá ti la ojú, gbogbo ọmọ lúdò mi á ti padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tìrẹ á sì ti wọlé tán. Tó bá wá jẹ́ pé mo dákú ni, ta ló ń bá mi ta tèmi?"