Àpótí Tó Kọjú sí Fèrèsé Kejì

“Bẹ́ ò bá fa wáyà rẹ̀ yọ, màá fà á yọ fúnra mi o!”

Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní fèrèsé kejì ló ń fìbínú bá máníjà ibùdókọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ Ajé ni ọmọbìnrin oníṣẹ́ ọnà kan ti gbé àpótí gàgàrà kan sáàárín gbọ̀ngàn tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ó ti kọ́kọ́ lọ káàkiri àdúgbò, ó ń gba ohùn àwọn tó ní ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè sọ lójú ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́ sílẹ̀. Ní báyìí, àpótí ń sọ gbogbo rẹ̀ jáde, èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ariwo pọ̀, obìnrin yìí fi òwú dí etí. Ẹni tó ń lọ sí àríwá, ó já tíkẹ́ẹ̀tì gúúsù fún un. Ìjà dé.

“Àǹtí, ẹ ní sùúrù,” ni oníṣẹ́ ọnà ń bẹ̀ ẹ́. “Ilé àfihàn ni wọ́n máa ń kó irú iṣẹ́ yìí sí, ta ló sì ń ráyè lọ síbẹ̀? Ìdí tí mo fi gbé e wá bá yín nìyẹn.”

“Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́? Gbogbo gbọ̀ngàn yìí, fèrèsé mi nìkan lo rí gbé ẹnu rẹ̀ kọjú sí!”

Ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì.

“Ó dáa, lọ fà á yọ,” ni máníjà wí. Ó ti sú òun náà.

Obìnrin náà yọ òwú létí, ó jáde, ó di wáyà mú. Ohùn ọkùnrin kan jáde látinú àpótí.

“Eléyín-ehoro, èmi ni.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn.

“Mo pariwo lé ọ lórí níwájú gbogbo ẹbí pé àìbìkítà rẹ ló pa Màmá. Dókítà sì ti sọ fún mi pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Mo mọ̀, mo ṣì sọ ọ́. Ẹni tí màá bínú sí ni mo ń wá, ìwọ lo sún mọ́ mi jù. Má bínú.”

“Háà!” ni bàbá àgbà kan tó ń dúró de ọkọ̀ wí. “Gbangba ló ti bú u, gbangba náà ló ti ń bẹ̀ ẹ́. Eléyín-ehoro, ibi yòówù kó o wà, gbẹ̀bẹ̀ jàre!”

Èrò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà rí eyín rẹ̀. Ó dùn ún, ó sì tún múnú rẹ̀ dùn, kò mọ èyí tí ì bá mú.

“Ẹ̀gbọ́n yín ló ní kí n kọjú ẹ̀ sí fèrèsé yín,” ni oníṣẹ́ ọnà rọra sọ. “Wọ́n ní kí n má wí. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń bẹ̀ yín, òwú lẹ fi dí etí.”

Máníjà ké láti ọ́fíìsì: “Ṣé o ti fà á yọ?”

“Rárá, sà.”

Ó padà sídìí fèrèsé rẹ̀, ó ju òwú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì mú fóònù. Kò pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú náà wá, kò sì pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, àpótí yín ń pariwo létí mi.”

“Ṣé kí n ní kí wọ́n gbé e kúrò ni?”

“Rárá o. Ẹ máa bọ̀. Fèrèsé kejì náà ni mo wà.”