Orí Jíà Lára Kọ̀ǹpútà Tófúnmi

Inú mi kò dùn rárá sí bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe gbé kọ̀ǹpútà náà kalẹ̀ níwájú ọmọ mi, tí wọ́n ní, "Ó yá, tẹ̀ ẹ́ ká wò ó." Wọ́n mọ̀ pé ìka ọmọ náà kì í nà. Láti ọdún tí kẹrosíìnì àdàlù ti gbiná nínú àtùpà wa ni ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ká jọ. Tófúnmi sì rèé, àwòrán yíyà ló fẹ́ràn jù láyé, bẹ́ẹ̀ pẹ́ńsù kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà kéré, ó dúdú, ara tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́. Ẹ̀gbọ́n, Tòkunbọ̀ lorúkọ wọn, ni wọ́n gbé e ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan bá a wá, ètò tí èèyàn lè fi yàwòrán lójú tẹlifíṣọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́rin ló ń ti àmì kékeré kan lọ sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún àti sósì, ibi tí àmì náà bá gbà ni ìlà ń gbà. Tófúnmi gbìyànjú. Bó bá fẹ́ tẹ bọ́tìnì kan, mẹ́ta ló ń wọlé pọ̀.

"Kò lè lò ó," Ẹ̀gbọ́n wí. "Tí mo bá ń padà s'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí n gbé e fún àwọn ọmọ Adékẹ́mi." Adékẹ́mi ni àbúrò wọn obìnrin tó ń gbé n'Íkẹjà. Wọn kò fi ìkà sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Tófúnmi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú. Ohun gbogbo ni kò burú lójú ọmọ yẹn, inú sì máa ń bí mi sí i.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi láyè dìgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ."

Wọ́n ní ọ̀pá kan wà lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù, jọ́ísítíìkì, tí èèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ tì dípò bọ́tìnì. Wọn ò mú un wá. Ta ni yóò sì rí i rà níbí lásìkò yẹn? Àwọn sójà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà òkèèrè. Mílíìkì lásán, orí ìlà la ti ń rí i. Mo bá kọrí sí gáréèjì Ore, mo lọ pe Jésùtọ́pẹ́ tó ń tún rédíò ṣe.

Jésùtọ́pẹ́ tú ìdí kọ̀ǹpútà náà. Kò sí ojú ihò kankan tí èèyàn lè ki irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ bọ̀. Ó fi Ìkálẹ̀ sọ ohun kan tí èmi ará Ìjẹ̀bú tí ìjọba gbé wá kọ́ni kò gbọ́ tán, ló bá tún un sọ kó lè yé mi. "Tíṣà, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, wáyà méjì ló fara kanra. Tí ọ̀pá mi náà bá mú wáyà méjì yẹn kanra, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ìka."

Bó ṣe ń jó wáyà mọ́ abẹ́ bọ́tìnì ló ń bi mí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ní Ore, ta ló ń sọ ọ̀tún òun òsì? Ẹni tó ń gbé àga nínú yàrá pàápàá, wọ́n á ní kó sún un sọ́nà Bìní díẹ̀. Oríta ọ̀nà mẹ́rin tí ìlú wa wà ló sọ wá dà bẹ́ẹ̀. Mo jókòó ti tábìlì wa tó kọjú sọ́nà Oǹdó, mo ń dá a lóhùn: eléyìí tó ń lọ sókè, Oǹdó, eléyìí tó ń lọ sísàlẹ̀, Òkìtìpupa, Èkó rèé, Bìní rèé. Ó so òwú aláwọ̀ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó lọ kan ọ̀pá náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ló gbé e dé. Àpótí rédíò àtijọ́ ni. Ó gé agolo mílíìkì pẹlẹbẹ, ó tò ó yí ìdí ọ̀pá ká kó lè máa mú wáyà kanra, ó wá fi orí jíà tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú dé ọ̀pá náà lórí. Àtẹ́lẹwọ́ Tófúnmi gbà á dáadáa. Jésùtọ́pẹ́ jó wáyà pọ̀, àwọ̀ sí àwọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti di ẹrù wọn sẹ́nu ọ̀nà.

Tófúnmi ti orí jíà síwájú. Àmì náà lọ sísàlẹ̀. Ó tì í sósì, ó lọ sọ́tùn-ún. Ilé ló fẹ́ yà, ohun tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kò jọ nǹkan kan.

"Èyí tún burú ju ti bọ́tìnì lọ," Ẹ̀gbọ́n wí, wọ́n ti ń nawọ́ sí wáyà kí wọ́n yọ ọ́.

Mo kọjú ìjà sí Jésùtọ́pẹ́. "Ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí ni? Ṣé Oǹdó ni mo sọ àbí Òkìtìpupa?"

"Oǹdó náà ni mo ṣe, Tíṣà." Ó wo àpótí náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣọ́ọ̀bù mi ni. Òkìtìpupa ni mo máa ń kọjú sí tí mo bá jókòó. Ibi tó jẹ́ iwájú mi, ẹ̀yìn yín ni."

Ó ní òun máa tú wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun á tún un jó, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ dáná sí irin ìjówáyà rẹ̀ tó ti tutù. Ẹ̀gbọ́n ní mọ́tò kì í dúró de èèyàn. Mo ń pariwo, Jésùtọ́pẹ́ ń bẹ̀bẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ń wo aago.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí nǹkan ń ha tábìlì. Tófúnmi ti fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mú àpótí náà, ó ń yí i. Ó yí i títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi di iwájú, tí wáyà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. "Ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tó kọjú sí ní ṣọ́ọ̀bù," ó wí.

Ó ti orí jíà síwájú. Àmì náà gòkè.

Ògiri kan dúró, èkejì dúró, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dé e. Ojú mi kún fómi, mi ò sì nù ún. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n nawọ́ sí orí jíà. "Gbé e wá, jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò."

Tófúnmi kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Dádì Lọ́ńdọ̀nù, ẹ dúró ná. Mi ò tíì ṣe tán."

Ó yẹ kí n bá a wí, ọmọdé kì í dá àgbà lóhùn bẹ́ẹ̀. Mo gbé àga wá fún Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí wọ́n jókòó dè é.