Ẹ Gbé Ahọ́n Sókè

"Ẹ la ẹnu, Màámi. Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Taimi la ẹnu. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́bàá adágún yìí, ló ń la ẹnu fún Saija, àbíkẹ́yìn rẹ̀, bí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ rà. Oògùn irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i náà ti wọlé.

Síbẹ̀ ọkàn Saija kò balẹ̀. Láti ìgbà òtútù ni ẹ̀jẹ̀ màmá rẹ̀ ti ń dín kù. Ní ọsibítù, wọ́n ní èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó. Saija fi àkàrà ẹlẹ́jẹ̀ màlúù kún oògùn, ó tún gba kọfí, tí kì í jẹ́ kí irin wọ ara dáadáa, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í dán wò ní Finland! Ẹ̀jẹ̀ kò lọ sókè. Kí ni ì bá tún fà á? Màmá ń tu oògùn dànù ni. Ẹni tó bá sì ń tu oògùn dànù, kò yẹ kó máa dá gbé nínú igbó. Saija ti là á mọ́lẹ̀: bí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ kò bá dáa, ilé àwọn arúgbó ní ìlú Kuopio ló kàn.

"Mò ń gbé e mì. Ṣé kí n fi bàbá rẹ búra ni?"

"Ẹ má fi Dádì búra. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wọn ní ọsibítù pé ẹ ò mu sìgá mọ́."

"Sìgá nìyẹn. Sìgá dùn."

Saija gbọ́ pé irin máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ló bá lọ yọjú sínú ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé. Háà, ó dúdú bí èédú! Ẹlòmíì ì bá tọrọ àforíjì. Saija ní ẹ̀jẹ̀ ni, pé màmá ń jẹ oògùn ara ríro ní kọ̀rọ̀ títí ikùn fi dá egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìfura ò mọ àgbà! Ó tú àpò aṣọ ìyá rẹ̀, ó gbọn bàtà òjò rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Taimi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó.

Dókítà Vuokko ló gbà wọ́n lọ́jọ́ àyẹ̀wò.

"Màmá, kíndìnrín yín ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni, a ó máa ṣọ́ ọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, awọ ìfun lè máa jò, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á yọ́ wọ ẹ̀jẹ̀, ara á sì dìde ogun. Ara tó ń jagun máa ń ti irin mọ́lé, kì í jẹ́ kó jáde, kì í sì í gba tuntun wọlé."

"Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń gbé e mì?" Saija kò lè pa á mọ́ra.

"Wọ́n ń gbé e mì. A ò rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn rárá. Irin tí ara kọ̀ ló dúdú bẹ́ẹ̀. Wọn ì báà gbé odindi páálí mì, ara ò ní gbà á. Ẹ jẹ́ ká dá oògùn gbígbé mì dúró, a ó fi abẹ́rẹ́ gbé irin gba iṣan."

Ojú ti Saija gan-an. Nínú mọ́tò ló ti rí ẹnu là: "Màámi, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. Ilé mi là ń lọ, àbí?"

"Ilé yín ni. Kò sẹ́ni tó máa kó yín lọ síbì kankan."

Nígbà tí wọ́n dé, Saija fẹ́ tẹ̀ lé e wọlé. Taimi yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ mi ti wá kí mi kẹ́yìn, wọ́dà ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Máa lọ sílé. Tí ọmọ mi bá padà dé, kó kanlẹ̀kùn."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Saija dúró níta, ó gbọ́ bí ó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́.