Fáìlì Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin

Ìyá Déédé ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é lẹ́yìn, òun náà sì ń díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó lè nàka sí i pé ó ṣi oògùn lò fún aláìsàn kan rí. Fìlà funfun orí rẹ̀ kì í wọ́, bàtà rẹ̀ kì í dún, báírò pupa kan sì wà nínú àpò àyà rẹ̀ tó fi ń fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe àwọn nọ́ọ̀sì tó kéré sí i. Bí báírò náà bá ti yọjú, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lórí ìwé ara rẹ̀.

Òfin kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo òfin lọ: kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara, kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ. Ó máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì náà pé, "Bó jẹ́ bàbá tó bí ọ ló sùn síbẹ̀, bi í."

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀. Láti aago méje ni Ìyá Déédé ti ń yẹ wọ́ọ̀dù wò bí ìyá ọkọ tó wá yẹ ilé ìdáná ìyàwó wò. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tí ojú àlejò á ti kọ́kọ́ balẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, oníṣúgà, tó máa ń fi ẹni tó ń jáde sun ẹni tó ń wọlé.

"Ẹ gbé Tíṣà lọ sí bẹ́ẹ̀dì kọkànlá lọ́hùn-ún," ó pàṣẹ, "kẹ́ ẹ gbé Káfíńtà wá síbí. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀."

Òótọ́ ni. Káfíńtà já bọ́ látorí òrùlé tó ń kàn, itan rẹ̀ kán, síbẹ̀ àwàdà ò tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, nítorí náà wọn ò fún un ní oúnjẹ látàárọ̀, kódà omi lásán ò kan ètè rẹ̀.

Wọ́n pààrọ̀ àwọn méjèèjì, ìyàwó Káfíńtà sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù yìí, fáìlì aláìsàn kì í bá aláìsàn rìn. Ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ń rọ̀ sí, nínú àpò rọ́bà kan. Kò sẹ́ni tó rántí àpò rọ́bà.

Alábẹ̀wò mẹ́ta wọlé. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ń rẹ́rìn-ín níwájú wọn bí ẹni tó ń polówó ilé títà, dókítà wọ́ọ̀dù sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbé kámẹ́rà dání. Àkókò abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹrin ló sì bọ́ sí. Ìyá Déédé fa ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣe ohun tó ti ń ṣe ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó yẹ kó béèrè orúkọ. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà wo ni yóò máa bi aláìsàn léèrè orúkọ lójú àlejò, bí olùṣọ́ àgùntàn tí kò mọ agbo ara rẹ̀? "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá," ló sọ dípò rẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ ojú tó dára sí kámẹ́rà, ó sì fún un lábẹ́rẹ́.

"Ẹ rọra o, mọ̀mí," Káfíńtà ní. "Èmi ni mo máa ń kan ìṣó, wọn kì í kàn án mọ́ mi."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ya fọ́tò.

Ìgbà tó fẹ́ fọwọ́ sí fáìlì ló tó ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Orúkọ Tíṣà ni.

Ká ní ọkùnrin yìí lè jẹun ni, ì bá fún un ní ṣúgà mu ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan. Láìpẹ́ wọn á fi oògùn kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Bí ṣúgà rẹ̀ bá wá ń wálẹ̀ lójú oorun, ta ni yóò mọ ìgbà tí oorun di nǹkan mìíràn? Èrò kan tún wá, tó tì í lójú láti gbà pé tirẹ̀ ni: kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni alábẹ̀wò àgbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. "Mo ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn," ó ní, "ṣùgbọ́n irú ètò báyìí..." Ìyá Déédé sọ ọ́ lọ́kàn pé òun á sọ fún dókítà bí ọ̀rọ̀ ìyìn náà bá parí. Ó wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago ń sáré, ọ̀rọ̀ ń rákò.

"Bàbá wọn, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Ìyàwó Káfíńtà ló sọ̀rọ̀, tó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú ọkùnrin náà.

"Ta ló gbé ayùn mi?" Káfíńtà dáhùn, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Ní kó gbé e wá. Òrùlé ń jò."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ọkọ rẹ̀ ló rò pé ó tún dé. Ìyá Déédé nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Bàtà tí kì í dún dún lọ́jọ́ náà. Ó la àárín àwọn àlejò kọjá bí ẹni tí iná ń lé.

"Dókítà, mo ti fún Káfíńtà ní ínsúlínì Tíṣà. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Dókítà ti sáré débẹ̀. Wọ́n gún ìka Káfíńtà lábẹ́rẹ́, wọ́n wo ṣúgà rẹ̀, dókítà sì pòṣé. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lójú iṣan. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ọwọ́ lórí. Ó pẹ́ kí Káfíńtà tó la ojú, tó sì béèrè ìdí tí gbogbo ayé fi ń wo òun.

Ọ̀gá fa Ìyá Déédé wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí.

"Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé ebi ló kó àárẹ̀ bá a. Irọ́ kọ́ pátápátá, ọkùnrin náà ò sáà jẹun."

"Sà..."

"Ọdún mẹ́tàlélógún, Nọ́ọ̀sì! Ṣé ẹ fẹ́ fẹnu ara yín ba orúkọ ara yín jẹ́ ni?"

Ó ya á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó létí rẹ̀. Ebi. Ta ni ebi ò pa rí? Ó ti fẹ́ gbà.

"Bí mo bá kọ ebi, sà," ó sọ níkẹyìn, "dókítà ọ̀la á máa wá àrùn tí kò sí lára ẹ̀. Ara ẹ̀ ni. Ó yẹ kó mọ nǹkan tí mo fi sí i."

Ó kọ ọ́ sínú fáìlì Káfíńtà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó wá lọ dúró síwájú tọkọtaya náà.

"Màmá, mo ṣi abẹ́rẹ́ fún ọkọ yín. Ti ẹlòmíì ni. Mi ò béèrè orúkọ, ó sì yẹ kí n béèrè. Wọn ò ní lè ṣiṣẹ́ abẹ náà lónìí."

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí fọ́tò nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo rí yín." Ó fi etí aṣọ nu òógùn iwájú orí ọkọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Jẹ́ ká fi sílẹ̀," Káfíńtà ní, ohùn rẹ̀ ṣì rẹlẹ̀. "Èmi náà ti ṣi pákó gé rí."

"Ẹ dákẹ́, bàbá wọn. Pákó kì í kú."

Ohùn kan ké láti bẹ́ẹ̀dì kọkànlá: "Ṣé ẹnikẹ́ni ṣì rántí pé èmi náà ṣàìsàn níbí?"

Tíṣà! Ó ti jẹun àárọ̀, kò sì tíì gba abẹ́rẹ́. Ìyá Déédé sáré pe dókítà. Dókítà wo ṣúgà Tíṣà, ó kọ ìwọ̀n tuntun. Ìyá Déédé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, fáìlì lọ́wọ́ kan, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Mà, Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kẹ́ ẹ mú káàdì iṣẹ́ yín dání."

"Mo gbọ́. Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì!" Tíṣà fi ọwọ́ lu àyà. "Ẹ ò mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ dárúkọ yín."

Tíṣà húkọ́ díẹ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìsàmì, ó sì fi oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá nílé ìwé kádìí rẹ̀. Ìyá Déédé ń fi ìka tẹ̀lé e lórí fáìlì, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

"Mà, wọ́n ní kíákíá ni o!"

"Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀," Ìyá Déédé ní, kò gbójú sókè. "Sà, ẹ tún orúkọ àárín yẹn pè."