Ihò Tí Mo Gbẹ́ Sára Gìtá

Akin, ìwọ lo kìlọ̀ pé kí n má gbẹ́ ihò gìtá tí mo fi àpótí sìgá ṣe yẹn tóbi jù. Mo ní kí ohùn báàsì lè jáde dáadáa ni.

Mo lálàá lóru àná pé mò ń ta gìtá náà níwájú àwọn àna mi. Okùn rẹ̀ di irùngbọ̀n ewúrẹ́, síbẹ̀ ó ń dún. Àfi bó ṣe fi ohùn mi pariwo: "Ahun ni bàbá ìyàwó mi!" Ohun tí mo sọ fún ọ nígbà tá à ń kàn án gan-an nìyẹn! Mo fi ọwọ́ dí i, kò bò ó tán.

Bàbá ò bínú. Wọ́n rọra ṣí fìlà wọn, wọ́n fi bo ihò náà kí àlejò má baà gbọ́.

Ìtìjú ló jí mi. Láàárọ̀ yìí, bàbá ìyàwó mi fúnra wọn pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé gìtá yẹn ti ń dún?"