Ọkọ Basheerah Ni Mí

Ní ilé bàbá mi ní Olówógbowó, ọkọ ni mí. Gbogbo obìnrin tí wọ́n gbé wọ agbo ilé náà lẹ́yìn tí wọ́n bí mi ló ń kúnlẹ̀ kí mi, ọkọ wọn ni wọ́n ń pè mí. Ní ilé ọkọ tèmi ní Apọ́ngbọ̀n, èmi náà ń kúnlẹ̀ fún Mariyah àbúrò ọkọ mi, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tó ìdajì tèmi, nítorí wọ́n ti bí i kí n tó débẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, n kò sì rò ó rí.

Nígbà tí Basheerah, ìyàwó Mùtíù àbúrò mi tó kú, parí opó rẹ̀, Kọ́lápọ̀ àbúrò wa pe ìpàdé ọmọ ilé. Ó fẹ́ gba yàrá tí obìnrin náà ń gbé. Basheerah ò bímọ, àwọn òbí rẹ̀ sì ti kú ní Ìjẹ̀bú. Ẹnu ọ̀nà ló kúnlẹ̀ sí, torí ìyàwó kì í bá ọmọ ilé jókòó ìpàdé.

Èmi ni àgbà wọn. "Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀," ni mo wí. "Ẹni tó tọ́jú Mùtíù títí ó fi kú, ẹ fẹ́ lé e síta?"

Kọ́lápọ̀ wò mí. "Àǹtí Ganiat, ẹ má bínú o. Ṣé bí ọkọ lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àbí bí ìyàwó? Torí ìyàwó ò lẹ́nu nínú mítìn wa."

Inú bí mi gan-an. "Ọkọ ni mí! Ilé yìí ni wọ́n bí mi sí! Ìyàwó wa ò ní lọ síbì kankan!"

Mo rò pé mo ti borí.

"Alhamdulillah, ó tán," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Tó bá jẹ́ ìyàwó wa ni, kò ní máa dá gbé. Ta ló máa ṣú u lópó nínú wa? Èmi ò sọ pé mi ò ṣe o."

Àwọn yòókù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí tèmi dàrú. Tí mo bá kọ̀, wọ́n á ní ṣebí èmi ni mo pè é ní ìyàwó wa. Tí mo bá ní kì í ṣe ìyàwó wa mọ́, wọ́n á gba yàrá.

"Ọkọ mi," Basheerah pè mí láti ẹnu ọ̀nà, "ta lẹ fà mí lé lọ́wọ́?"

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń kó ìkòkò sínú báàgì. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Èmi tí mo ní kò ní lọ, n kò mọ̀ bóyá kí n dì í mú ni, tàbí kí n bá a gbé ẹrù.