Fíríìjì Inú Yàrá Bàbá

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìyàwó àbúrò mi ò gbọ́n, kó má sọ ọ́ níwájú mi. Ilé kan náà ni èmi, òun, ọkọ rẹ̀ àti bàbá wa jọ ń gbé, ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo ń sọ.

Búrẹ́dì ló ń yan tà nínú kíṣìnì wa. Nígbà tí owó iná lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì léra, àbúrò mi fajú ro.

"Ààrò oníná yẹn ló fẹ́ jẹ wá run. Bí owó oṣù yìí ò bá wálẹ̀, màá tà á."

Mo rí bí ojú ìyàwó ṣe yí padà. Òógùn ara rẹ̀ ló fi ra ààrò yẹn.

Lọ́dọ̀ wa, iye tí wọ́n ń ta iná kì í dúró sójú kan. Tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, ó máa ń dọ̀pọ̀. Nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé bá darí wálé, ó di ọ̀wọ́n. Tí àwọn èèyàn bá ti ń sùn, á tún wálẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, ta ló wá ráyè rẹ̀? Ìyàwó ráyè. Ó ra sọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tí fóònù fi ń tan nǹkan, tó fi ń pa á, ó kì wọ́n mọ́ ara ògiri, ó sì fún gbogbo ohun tó ń lo iná lórúkọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná di Alájẹkì. Ẹ̀rọ ìfọṣọ di Agbọ̀n-rìrì. Áyọ́ọ̀nù mi, ẹ gbà mí, ó di Ìbínú-Ẹ̀gbọ́n.

"Irú orúkọ wo nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í pẹ́ẹ́ gbóná ni. Kì í sì í pẹ́ẹ́ tutù."

Mo rẹ́rìn-ín.

Ó gbé búrẹ́dì yíyan sí ọ̀sán. Kó tó ti ibi tó ti ń ra ìyẹ̀fun dé, ààrò á ti gbóná fúnra rẹ̀. Alájẹkì ò gbọdọ̀ mí nírọ̀lẹ́. Síbẹ̀, owó tí fóònù ń fi hàn ò fi bẹ́ẹ̀ dín. Ó wá tọpinpin títí dé yàrá Bàbá. Fíríìjì àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó. Ìgò omi kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ iná tọ̀sán-tòru láìsinmi. Ẹlẹ́jọ́-Wẹ́wẹ́ ni ìyàwó pè é, torí ariwo rẹ̀.

"Ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn! Yọ ọ́ kíá, kí ààrò rẹ lè bọ́."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi Bàbá, Ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tó bi wọ́n, Bàbá ò gbé ojú wọn sókè. "Ìyá yín ló rà á. Látìgbà tó ti lọ, ariwo rẹ̀ ni mo fi ń sùn. Ṣùgbọ́n tó bá ń ni yín lára, ẹ gbé e."

Èmi ọmọ bíbí inú wọn, mi ò mọ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní gbé e, Bàbá," ìyàwó dáhùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ fíríìjì náà fún ọkọ rẹ̀. Mo ní ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ta ààrò nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó na fóònù sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni fíríìjì tó ṣófo ń ṣe lọ́sàn-án? Ìgbà tí Bàbá bá fẹ́ sùn nìkan ni wọ́n nílò ẹ̀. Owó iná á sì ti wálẹ̀ nígbà yẹn."

"Orí ẹ mà pé o!"

Látọjọ́ náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń ṣàkóso Ẹlẹ́jọ́-Wẹ́wẹ́: tí Bàbá bá ti jí, á dákẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn alẹ́ tán, tí wọ́n wọ ibùsùn, á bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bébà owó iná oṣù dé, àbúrò mi wo bébà náà, ó tún yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ìyókù wà níbẹ̀. Kò dárúkọ títa mọ́. Ó bu búrẹ́dì gbígbóná sẹ́nu.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Látàárọ̀, fíríìjì kò ní fọhùn. Kí n kàn dùbúlẹ̀ báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó yára kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ìbínú kẹ̀? Bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo tún wo fóònù ìyàwó, kò sí Ẹlẹ́jọ́-Wẹ́wẹ́ níbẹ̀ mọ́. Orúkọ tuntun tó kọ síbẹ̀ ni Màmá.